Má Gbé Ẹmu Náà sí Ìsàlẹ̀ Oko

Ilé Bàbá Onígèrè,
Létí odò Àwẹ̀rẹ̀,
Lójú ọ̀nà Agbabu.

Akíndélé ọmọ mi, Délé tèmi, ọma mi,

Ṣé ikọ́ tí eruku ọkọ̀ akẹ́rù dá sí ọ lára ti lọ? Ṣé Odìgbó ti mọ́ ọ lára? Èmi wà dáadáa. Mò ń jẹun, mò ń sùn, ọkàn mi sì balẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mú mi jókòó ti tábìlì yìí láti àárọ̀.

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi, èmi fúnra mi ni mo sì kà á. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá máa bá ìyá mi yan gàrí, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin náà kò tíì tán nínú mi. Akọ̀wé kan wà ní oríta Òrè tó ń bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà. N kò lọ bá a. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó dé etí rẹ. Bí o bá kan ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, fojú fò ó, kí o mú ohun tí mo ní lọ́kàn.

Inú mi dùn pé o fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Inú mi dùn pé àwọn ẹbí bàbá rẹ fún ọ ní ilẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ tó wà lókè odò, àti pé àwọn òbí Fúnmiláyọ̀ ti gbà kí o wá gbé e níyàwó lẹ́yìn ìkórè. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ nílé àdúrà nítorí rẹ. Ṣùgbọ́n mo tún ka ibi tí o ti ní, “Mo ti pe ọ̀wẹ̀. A ó ṣán ilẹ̀ náà láti òkè títí kan omi, n kò ní fi igi kan sílẹ̀. Ebè mi yóò gún bí ọ̀nà mọ́tò.” Délé, ibẹ̀ ni ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n dáhùn èyí tó wà nísàlẹ̀ ìwé rẹ. O ní, “Ẹ bá mi kí ọkọ yín.” O kò pe orúkọ rẹ̀, o kò sì pè é ní bàbá. Kò burú, n kò ní fi ipá mú ọ. Mo bá ọ kí i. Ó ń hun ìgèrè tó fi ń pa ẹja lọ́wọ́, ó gbójú sókè, ó ní, “Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí o kí mi, àbí ìwọ lo fi kún un?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “A dúpẹ́. Ìkíni ni ìkíni ń jẹ́, ìbáà kéré bí ẹja wẹ́ẹ́rẹ́. Wẹ́ẹ́rẹ́ náà ń dàgbà.”

Ojú ń tì mí láti bá ọ sọ̀rọ̀ ọkọ mi tuntun, nítorí ìwọ ni ọmọ mi, irun mi sì ti ń funfun. Ó ṣì ń ṣe mí bí ẹni tó wọ bàtà tí kò tíì rọ̀. Bí wọ́n bá pe “Ìyàwó!” lẹ́yìn mi, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ọmọge kan ló ń bọ̀. Àwọn obìnrin ilé àdúrà níbí kì í jẹ́ kí n rímú mí. “Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ yín ni?” Èmi náà a dá wọn lóhùn pé, “Ó ti mọ́ mi, mo ti pọnmi dé, ẹ̀yin ni ẹ ṣì ń ya ẹnu.” Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn, ọma mi. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún báyìí.

Ó yẹ kí o mọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ oko rẹ. O rántí pé nígbà tí mò ń ta gàrí ní Òrè, ọkùnrin kan máa ń gbé ẹja yíyan wá. Lọ́jọ́ kan mo rí ẹja àrọ̀ ńlá nínú àtẹ rẹ̀, mo bi í pé odò wo ló ti pa á.

Ó ní, “Àwẹ̀rẹ̀.”

Mo ní, “Irọ́ lẹ ń pa. Àwẹ̀rẹ̀ ti kú. Ojú mi ló ṣe kú.”

Ó ní, “Ó ti jí. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ wá wò ó.”

Mo lọ wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ní Àwẹ̀rẹ̀ ti kú nìyí: èmi àti bàbá rẹ wà lára àwọn tó pa á. Ilẹ̀ tí wọ́n fún ọ yìí gan-an ni a fi pa á. O ṣì kéré nígbà tí a kúrò níbẹ̀, o kò lè rántí ju àpò ajílẹ̀ òyìnbó tí o máa ń gùn bí ẹṣin.

Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó, igbó ni gbogbo ibẹ̀. Igi ògùrọ̀ dúró létí omi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbòǹgbò wọn dì mọ́ra bí ìka ẹni tó ń gbàdúrà. Nísàlẹ̀ wọn ni ibú kan wà tí ìjọ wa ti ń ṣe ìrìbọmi. Bí wòlíì bá dúró síbẹ̀, omi a kàn án láyà. Ibẹ̀ ni a ti ń pọnmi, ibẹ̀ náà ni a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ púpurù ní apá ìsàlẹ̀. Omi náà tutù, ó sì mọ́ débi pé o lè rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá rẹ pe ọ̀wẹ̀, bí ìwọ náà ti pè é yìí. O mọ àṣà wa: ibi tí oúnjẹ bá wà ni ebè ń parí sí. Ibi tó tutù jù lóko sì ni etí odò. Èmi ìyàwó tuntun ni mo ru púpurù àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ri agbè ẹmu sínú omi kí ó lè tutù. Lóòótọ́ aládùúrà ni wá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ kò mọ iṣẹ́ kankan tí a ń ṣe láìsí ẹmu. Wọ́n tò sí òkè ilẹ̀ náà, oníkálukú dojú kọ omi, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè bọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tí ẹkùn ń lé.

Ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dun etí mi. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Akínlàjà, apá rẹ̀ tó ìtàkùn igbó. Wọ́n ń pariwo sí i pé, “Akínlàjà, ṣé ebè lò ń kọ ni, àbí ibojì lò ń gbẹ́?”

“Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀ ná, ẹ ó mọ ẹni tí a ó sin!”

“Ọkọ ìyàwó, ìyàwó ń wò ọ́ o! Bí o bá kẹ́yìn, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí lónìí!”

Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Eré tó ń sá kò jẹ́ kí ó lè dúró mọ́, tòun ti ọkọ́ rẹ̀ ló já sínú ibú. Nígbà tí yóò fi yọrí, agbè ẹmu ló gbé dání. Gbogbo wọn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Délé, mo fẹ́ràn bàbá rẹ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí wọ́n so wá pọ̀ lọ.

Ebè náà rẹwà. Ó gún láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí okùn tí a fà le. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń dúró wò ó. Kí wọ́n má baà fi ohunkóhun dí ẹwà rẹ̀, bàbá rẹ gé àwọn ògùrọ̀ etí omi náà, ó ní òun fẹ́ máa rí odò láti ẹnu ọ̀nà ahéré.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà ahéré yẹn, mo ń wòran. Gbogbo poro tó wà láàrin ebè di ojú àgbàrá. Omi gba inú wọn lọ tààrà, pupa bí osùn, ó ń gbé èérún ilẹ̀ dúdú òkè lọ pẹ̀lú, kò sì sí gbòǹgbò kan létí odò tí yóò sọ fún un pé, “Ó tó.” Ó dà sínú ibú. Ọkàn mi sọ fún mi pé ohun tí mò ń wò yìí kò dára. Mo dákẹ́. Ìyàwó tuntun ni mí. Ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ebè lẹ́nu ẹni tí kò tíì mọ orúkọ gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀?

Ọdún ń gorí ọdún, iyanrìn àti amọ̀ ń kún ibú. Omi tó kan wòlíì láyà kàn án ní ìbàdí, ó kàn án lórúnkún. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún obìnrin kan, àfi bí ìgbà tí a ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní, aṣọ funfun tó wọ̀ sì jáde ní pupa. Ni ìjọ bá ní ọ̀tá ló ba omi jẹ́. Wọ́n kéde ààwẹ̀. Bàbá rẹ, ẹni tó ni ebè, òun ló ń lu agogo, tó ń ké pe Ọlọ́run kí ó fi ẹni tó ba odò jẹ́ hàn!

Ìyá bàbá rẹ ṣì wà láyé nígbà náà. Ìyá àgbà náà gbọ́ agogo títí ó sú u. Ó bu omi odò sínú igbá, ó gbé e wá sáàrin ìjọ, ó ní kí a jẹ́ kó tòrò. Nígbà tó tòrò, ilẹ̀ tó jókòó sí ìdí igbá náà nípọn. Ó ní, “Ẹ ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tí ẹsẹ̀ yín lè fi hàn yín. Ẹ tẹ̀lé pupa omi yìí, kí ẹ máa gòkè lọ, ibi tí pupa bá parí sí, ẹ bá onílé ibẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Wọ́n tẹ̀lé e. Ìdí ebè wa ni ó parí sí. Ìyá àgbà fi igbá náà lé bàbá rẹ lọ́wọ́. Ó ní, “Gba ilẹ̀ rẹ. Iṣu tó yẹ kí o jẹ ló wà níbẹ̀ yẹn.”

Àwọn àgbà ìjọ ní kí ó yí ebè náà dábùú ilẹ̀. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ kò lè jókòó. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. “Wọ́n ní kí n yí ebè mi dábùú ilẹ̀? Kí Akínlàjà máa sọ kiri pé ebè mi wọ́ bí ìrìn ọ̀mùtí?” Ó wá dúró, ó kọjú sí mi, ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí lo rí sí i?”

Ó bi mí, Délé. Ó bi mí tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ètè mi. Mo wolẹ̀, mo ní, “Ohun tí ẹ̀yin bá rí náà ni.”

Ebè kò yí. Nígbà tó yá, ilẹ̀ dúdú ti lọ tán, pupa tó kù kò sì lè gbé àgbàdo dìde. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wá ń fi ajílẹ̀ òyìnbó ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó dára ni fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ lè dì í mú. Ilẹ̀ tiwa kò lè dì í mú mọ́. Bàbá rẹ fọ́n ọn káàkiri bí ẹni fọ́n oúnjẹ adìẹ, òjò sì gbá a lọ. Èmi náà fi tèmi kún un: mo ru àpò rẹ̀ lọ sódò, mo fọ̀ wọ́n níbẹ̀ kí n lè rí wọn fi di gàrí. Ohun tó yẹ kó mú àgbàdo jí ni ewédò jẹ yó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú odò di àwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ilá, ó ń rùn. Ẹja ń yọ ẹnu sókè bí ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n léfòó. A kò rí omi mu. A kò rí ibi rẹ ẹ̀gẹ́. Àìsàn tó pa bàbá rẹ ló gbẹ̀yìn rẹ̀, bí o ti mọ̀, mo sì mú ọ lọ́wọ́, a lọ sí Òrè.

Nígbà tí a ó fi gba òmìnira, igbó ti borí ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó bìkítà fún un. Ìyẹn ló gbà á là. Ògùrọ̀ hù padà, àgbàrá dẹ́kun, omi fúnra rẹ̀ sì fi díẹ̀díẹ̀ kó iyanrìn kúrò nínú ibú. Àrọ̀ tí Bàbá Onígèrè gbé wá sí Òrè, ara ohun tí ìsinmi ilẹ̀ náà bí ni. Ilé tí mo wà yìí, ohun tí ìsinmi náà bí ni. Ìwọ lo wá fẹ́ ṣán an láti òkè títí kan omi.

N kò ní kí o má dáko. Ilẹ̀ bàbá rẹ ni, ẹ̀tọ́ rẹ ni, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o jẹun níbẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n fetí sí ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, má gbé ẹmu náà sí ìsàlẹ̀ oko. O lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ga jù nínú ìwé yìí nìyẹn. Mo mọ àwọn ọkùnrin. Bí o bá dúró níwájú ọ̀wẹ̀, tí o ń ṣàlàyé pé ebè kò gbọdọ̀ dojú kọ odò, wọn yóò ní, “A ti gbọ́,” wọn yóò sì kọ ọ́ bí apá wọn ti mọ̀ ọ́n. Má bá wọn jiyàn. Igi orógbó tí bàbá rẹ gbìn ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ oko, lápá ọ̀nà Odìgbó. Ibẹ̀ ni kí Fúnmiláyọ̀ gbé oúnjẹ àti ẹmu sí. Kí o to àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tí agbè bá wà ni ojú wọn yóò wà, ibi tí ojú bá wà ni ọkọ́ ń lọ. Ebè yóò dábùú ilẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a kọ́ òun ní nǹkan. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò dúró nínú poro, yóò mu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ní ebè rẹ wọ́, ní kí wọ́n padà wá nígbà ìkórè.

Bí o bá ń wá ohun tí yóò tu ẹmu lára, pọnmi sínú ìkòkò kí o ri agbè sí i. Ìwọ náà ní ọpọlọ.

Èkejì, igi etí omi. Má gé wọn. N kò sọ pé kí o fi ẹyọ kan tàbí méjì sílẹ̀ fún òjìji. Fi gbogbo wọn sílẹ̀, kí wọ́n nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dúró lóko rẹ kò ní rí ojú odò. Bí o bá fẹ́ rí odò, ẹsẹ̀ kò dùn ọ́, rìn lọ síbẹ̀. Bàbá rẹ rí odò láti ẹnu ọ̀nà ahéré fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí odò tí yóò rí mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ajílẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ, gbà á, kí o dúpẹ́. Ṣùgbọ́n má fọ́n ọn. Gbẹ́ ihò kékeré sí ìdí àgbàdo, fi díẹ̀ sí i, kí o sì bo ojú rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, fi ajílẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà. Má mú un dé tòsí àwọn igi etí omi. Àpò rẹ̀, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí Fúnmiláyọ̀ gbé e lọ sódò fọ̀ bí mo ti ṣe. Òun náà yóò rò pé ọgbọ́n ni, nítorí àpò náà le, ó sì dára.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Èyí tó kù kò ní nọ́ńbà.

Má sun gbogbo koríko tí ẹ bá ṣán. Iná máa ń dùn-ún wò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ yóò sì fẹ́ sun ún kí iṣẹ́ lè tètè tán. Kó o jọ sínú poro, kí ó jẹrà síbẹ̀. Ó ń dá àgbàrá dúró, ó sì ń bọ́ ilẹ̀ kí ó lè sanra.

Awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá yóò gbé agbọ̀n kan fún ọ. Koóko ọba ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń se tíì. Èmi àti Bàbá Onígèrè la jọ wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gbìn wọ́n dábùú oko lẹ́yìn ebè mélòó kan, ní ìlà, kí wọ́n fara kan ara. Gbòǹgbò wọn ń di ilẹ̀ mú bí ọmọ ọwọ́ ti ń di irun ìyá rẹ̀ mú. Fún wọn lómi títí wọn yóò fi mú ilẹ̀. Ewé rẹ̀ náà dára fún ikọ́ rẹ.

Èyí tó kẹ́yìn, ti Fúnmiláyọ̀ ni. Yóò di ìyàwó tuntun láìpẹ́. Yóò máa rí nǹkan, ojú yóò sì máa tì í láti sọ. Bí o bá bi í léèrè tí ó wolẹ̀, tí ó ní, “Ohun tí ẹ bá rí náà ni,” má gbà. Jókòó tì í, tún un bi. Dákẹ́ pẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀. Bí bàbá rẹ bá tún mi bi lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ǹ bá ti sọ ọ́.

Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí sí etí Bàbá Onígèrè lánàá. Ó wá ní, “Jẹ́ kí ọmọ dáko rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Bí omi bá dọ̀tí, mo lè kó ìgèrè mi lọ sí ìsàlẹ̀, sí ọ̀nà ibi tí odò ti fẹ̀. N kò fẹ́ kí ó máa sọ pé ọkọ ìyá òun ń pàṣẹ fún òun lórí ilẹ̀ bàbá òun.”

Mo ní, “Ẹ lè kó ìgèrè. Ta ni yóò kó mi?”

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ìwọ ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?”

Mo ní, “Èmi ni o.”

Ọma mi, àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ohun tí o bá da sí Àwẹ̀rẹ̀ lókè, ìkòkò omi mi ni yóò bọ́ sí. N kò kọ ìwé yìí láti gbèjà ọkùnrin kan sí ọ. Ó lè jẹ́ pé o kò ní fẹ́ràn rẹ̀ láé, n ó gbé ìyẹn fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n odò kan náà ló so ilé rẹ mọ́ ilé mi, mi ò sì ní jẹ́ kí ó kú lẹ́ẹ̀kejì lójú mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jẹ́ ìyàwó, mo dákẹ́. Mo tún ti di ìyàwó báyìí, ojú sì ṣì ń tì mí. N kò ní dákẹ́. Bí o bá ka ìwé yìí tí o sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ó wọ ọkọ̀ wá sí Odìgbó lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ rẹ, n ó jókòó sórí agbè ẹmu lábẹ́ igi orógbó yẹn, kí a wo ẹni tí yóò gbé mi dìde.

Kí Ọlọ́run tó ni òjò fún ọ ní èyí tó tó, kí ó má fún ọ ní èyí tó pọ̀ jù. Kí ọwọ́ rẹ ràn mọ́ ilẹ̀, kí ilẹ̀ náà sì dúró tì ọ́. Bá mi kí Fúnmiláyọ̀, kí o sì ka ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀ sí i létí.

Má ṣe ìyọnu láti fi ìwé dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yóò pọ̀. Abọ́ tánganran funfun tí o rà fún mi nígbà tí o kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹun. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dá, n ó gbé e lọ sétí odò, n ó bu omi sí i, n ó gbé e ka orí òkúta, n ó dúró kí ó tòrò. Ohun tí mo bá rí nísàlẹ̀ rẹ̀ ni èsì rẹ.

Mo ti fọ abọ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
ìyàwó ilé Bàbá Onígèrè.